Èpò Ọdún Yìí, Òjò Èṣí Ló Gbìn Ín: Ìtàn Ojú Ọjọ́ àti Èpò Nínú Oko Wa

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ fún ara wa bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa fún oṣù méjì: "Èpò ọdún yìí mà yàtọ̀ o!" Lọ́dún mìíràn ẹ̀wẹ̀, a lè ro oko kan náà lẹ́ẹ̀mejì péré kí àgbàdo tó gbó, owó á sì kù lápò. Ilẹ̀ ò yí padà, ọkọ́ ò yí padà, irúgbìn náà kọ́ ló yí padà. Kí ló wá fà á tí ọdún kan fi ń jẹ́ ọdún èpò, tí òmíràn ò sì rí bẹ́ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ wa á ní òjò ni. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Òjò ọdún yìí ló ń jí èpò. Ṣùgbọ́n òjò èṣí, ọ̀dá ọdún tó ṣíwájú rẹ̀, iná tó jó nígbà ọyẹ́, àti oko tí a kò rí owó ro tán, àwọn wọ̀nyí ló gbìn ín. Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan kò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ pa ìtàn lónìí, kí á lè mọ ibi tó yẹ kí á ná owó ìroko ọdún tó ń bọ̀ sí.

ILẸ̀ LÓ Ń TỌ́JÚ ÈPÒ PAMỌ́

Lọ́dún 1879, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ William Beal, ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Michigan, Amẹ́ríkà, fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan tí gbogbo àgbẹ̀ ayé máa ń bèèrè: ọdún mélòó ni èèyàn máa fi tu èpò kí hóró rẹ̀ tó tán nínú ilẹ̀? Ó kó hóró èpò tó lé ní oríṣi 20, ó mú hóró 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pò wọ́n mọ́ yanrìn, ó rọ wọ́n sínú ìgò 20, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa wú ìgò kan jáde lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí wọ́n gbìn ín wò. Beal kú, àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kú, iṣẹ́ náà ò dúró. Nígbà tí wọ́n wú ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà lọ́dún 2021, ó ti lé ní 140 ọdún tó ti wà nínú ilẹ̀. Hóró 20 ṣì hù nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa gbóná jù tiwọn lọ, ó rin, kòkòrò sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà hóró èpò tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ti jẹrà láàárín ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ ọ̀hún náà tó láti jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè.

Ohun tó yẹ kí á mọ̀ ni pé hóró èpò kì í jí tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń dúró de omi, ó ń dúró de ooru, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Èyí tó sún mọ́ òkè ilẹ̀ á jí ní àkọ́rọ̀ òjò. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á sùn títí ọkọ́ wa á fi hú u síta. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá ro oko lónìí tí òjò sì rọ̀ lọ́la, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ilẹ̀ á tún tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan fọ́n èpò sí i lóru. Kò sẹ́ni tó fọ́n ọn. Ó ti wà níbẹ̀.

Oúnjẹ oríṣiríṣi sì ni wọ́n ń jẹ. Lọ́dún tí omi bá pọ̀, lábẹ́lábẹ́ á jáde kúrò létí odò, á gba inú oko, gódógbó á sì máa rá bàbà nínú poro. Lọ́dún tí oòrùn bá mú, gbági àti eèran ló máa ń lo agbára, torí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀, tí àgbàdo á sì ti ká ewé rẹ̀ jọ. Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Nínú oko, bákan náà ni. Òjò tó ń bọ́ àgbàdo ló ń bọ́ èpò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ló máa jẹun.

BÍ ÀWỌN BÀBÁ WA ṢE Ń ṢE É

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn bàbá wa kò ní ọdún èpò. Wọ́n ní. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n lè sá lọ. Wọ́n á ṣán ẹgàn, wọ́n á kọ ebè, wọ́n á gbin iṣu, lẹ́yìn náà àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó di ìgbòrò, kó sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo wa la máa ń sọ pé nítorí kí ilẹ̀ lè lọ́ràá ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nítorí èpò náà ni. Bí igi bá ti dàgbà tí ó ṣíji bo ilẹ̀, èpò tó fẹ́ràn oòrùn kò lè hù mọ́, hóró tó wà nínú ilẹ̀ á sì máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fi máa padà síbẹ̀, gbèsè èpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san ara rẹ̀ tán.

Nítorí náà, ọdún kan tí òjò bá ṣe àṣejù kì í bá àwọn bàbá wa dé ọdún kẹwàá. Èpò tó so hóró lọ́dún yẹn máa kú sábẹ́ ìgbòrò. Lónìí ńkọ́? Ilẹ̀ kan náà là ń dá lọ́dọọdún. Èpò tó so ní ọ̀wàrà ọdún yìí, àwa náà la máa pàdé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, láàyè kan náà.

Ọwọ́ tún dín kù. Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tó máa ń bá bàbá wọn roko lọ sí iléèwé. Ohun rere ni, ọ̀pọ̀ wa ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970 sí 1979, iṣẹ́ ìlú ńlá pe àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì lọ. Láti ìgbà náà ni oko ríro ti di ohun tí a ń fi owó rà. Bí òjò bá wá rọ̀ púpọ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo wa máa ń wá lébìrà, iye owó á sì fò sókè. Ibi tí ojú ọjọ́ ti ń wọ inú àpò wa gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Oko kan wà ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Broadbalk. Láti 1843 ni wọ́n ti ń gbin ọkà wíìtì sí i, tí wọ́n sì ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn tó máa ń fi ọwọ́ tu èpò níbẹ̀ dín kù gidigidi. Èpò gba oko náà débi pé láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1929, wọ́n ní láti pín in sí ọ̀nà márùn-ún, kí wọ́n máa fi apá kan sílẹ̀ láìgbìn nǹkan kan, torí èpò. Obìnrin onímọ̀ kan, Winifred Brenchley, àti ẹnìkejì rẹ̀, Katherine Warington, wá ń ka hóró èpò inú ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wò ó: ọwọ́ kúrò lóko fún ọdún díẹ̀, wíwá ojútùú sí i gba ọdún tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÈPÒ TÓ Ń JẸ́ ORÚKỌ ÒṢÈLÚ

Kò sí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ewé Akíntọ́lá. Níbòmíràn, ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí àdá bá gé wa lóko, òun la máa ń fún sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé láti ayébáyé ló ti wà níbí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìlú rẹ̀, láàárín gbùngbùn àti gúúsù.

Ní nǹkan bí ọdún 1937, wọ́n kó hóró igi mélínà wọ Nàìjíríà láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí. Hóró èpò yìí fara pamọ́ sáàárín rẹ̀. Ní ìhà Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i kedere, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Láti ibẹ̀ ló ti gun atẹ́gùn, ló gun aṣọ èèyàn, ló gun mọ́tò, títí tó fi kan gbogbo ilẹ̀ wa. Orúkọ tí a fún un gan-an ń jẹ́ ká mọ ìgbà tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa: ìgbà tí ìjà òṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ní àwọn ọdún 1960. Ní Ghana, Acheampong ni wọ́n ń pe èpò kan náà. Orúkọ ológun tó ṣàkóso wọn láti 1972 sí 1978 ni. Ẹ ò rí i pé orúkọ èpò lè jẹ́ kàlẹ́ńdà.

Kí ló mú kó lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ó mọ ojú ọjọ́ wa lò ju àwa fúnra wa lọ. Nígbà òjò, á kàn máa ga, á máa gbilẹ̀, kò ní tanná. Bí òjò bá fẹ́ẹ́ dá, ní bélú sí ọ̀pẹ, á yọ òdòdó. Ní ṣẹẹrẹ sí èrèlé, nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, hóró rẹ̀ tó ní irun fúlẹ́fúlẹ́ á gbó, á sì fò lọ. Igi kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí iná bá wá jó o, gbòǹgbò rẹ̀ kò kú. Àkọ́rọ̀ òjò kan péré, á rú padà láti ìdí, hóró tó fò wá láti oko ẹlòmíràn á sì hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fara dà ni òjìji. Lábẹ́ igbó tó ṣú, kò rí àyè. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, a máa padà sí i.

ỌDÚN TÍ IRÚNMỌLẸ̀ IGI JÓNÁ

Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún á rántí ọ̀dá 1982 sí 1983. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀dá 1972 sí 1973 ti ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n ìhà Òkè Ọya àti àwọn orílẹ̀-èdè etí aṣálẹ̀ ló pa lára jù. Ti 1983 wọlé tọ àwa ará ìsàlẹ̀ wá. Òjò tètè dá, ọyẹ́ mú, ewé igi gbẹ wáwá, iná sì ń jó láti oko dé oko. Ní Ghana, iná ọdún náà jẹ oko kòkó lọ rẹrẹ, ebi sì dé. Lọ́dọ̀ wa náà, iná wọ oko kòkó, àwọn igi tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún tọ́ jóná láàárín ọ̀sán kan.

Gbogbo èèyàn ló sọ̀rọ̀ nípa kòkó tó jóná. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa èpò kò pọ̀. Oko kòkó tó bá ṣíji dáadáa, ìroko rẹ̀ kì í nira, torí ìmọ́lẹ̀ kì í dé ilẹ̀. Bí iná bá ti ṣí òkè sílẹ̀, oòrùn á kan ilẹ̀ tí kò rí oòrùn láti ọgbọ̀n ọdún. Òjò tó bá tẹ̀lé e, akíntọ́lá ló máa kọ́kọ́ dé, torí hóró rẹ̀ ti wà lójú atẹ́gùn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣá, ẹ̀kan á dé. Ẹni tó bá tún kòkó gbìn síbẹ̀ á rí i pé ìroko ló ń jẹ òun lówó ju irúgbìn lọ, fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, títí òjìji á fi padà. Ọ̀dá ọdún kan ni. Èpò ọdún márùn-ún ló bí.

Ẹ̀kan yẹn gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò sí lókè, inú ilẹ̀ ló wà, lára gbòǹgbò funfun tó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ tó máa ń gún isu iṣu já. Iná kì í dé ibẹ̀. Iná tilẹ̀ máa ń mú kó tanná ni. Ojú ọjọ́ ló sì ń pinnu bóyá ọkọ́ wa ń pa á tàbí ó ń gbìn ín. Bí a bá tú ilẹ̀ ẹ̀kan nígbà òjò, gbogbo gbòǹgbò tí ọkọ́ gé á di ọ̀gbìn tuntun, ọ̀kan á di mẹ́wàá. Bí a bá tú u nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbòǹgbò náà wá sójú ilẹ̀ tí oòrùn sì pa á, á gbẹ, á kú. Iṣẹ́ kan náà, ọkọ́ kan náà, oṣù ló yàtọ̀.

Òjìji ni ọ̀tá ẹ̀kan pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kan fi ń yin akíntọ́lá pé ó ti bá wọn lé ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe irọ́. Ibi tí akíntọ́lá bá ti ṣíji bò ó, ẹ̀kan á rẹ̀. Èpò ń bá èpò jà, ṣùgbọ́n àwa la máa san owó ìjà.

ÈYÍ TÓ BÁ OMI WÁ

Àwa tí a ń dáko létí ọ̀sà àti odò kò lè gbàgbé 1984. Ọdún náà ni ewé orí omi tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò wọ Badagry láti ìhà Benin. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti dí ojú omi Èkó, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ọkọ̀ ò rí ọ̀nà, àwọ̀n apẹja ń ya.

Òun náà, ojú ọjọ́ ló ń bá a ṣe. Nígbà òjò, omi odò máa ń ti omi iyọ̀ padà sí òkun, ewé náà á bí sí i, ìkún omi á sì gbé e wọ àkùrọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á padà wọ inú ọ̀sà Èkó, ọ̀pọ̀ ewé náà á sì kú. Nítorí náà, ọdún tí òjò bá pọ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ò gùn, ewé náà á pọ̀ sí i lọ́dún kejì. Ẹ ò rí i pé òfin kan náà ni, lórí ilẹ̀ àti lórí omi: kì í ṣe ọdún kan ló ń ṣe èpò, ọdún méjì tó so mọ́ra wọn ni.

BÍ A ṢE LÈ KA ỌDÚN

Lọ́dún 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Okezie Akobundu ti ṣiṣẹ́ lórí èpò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1987, òun àti Agyakwa tẹ ìwé tí wọ́n fi tò àwọn èpò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú àwòrán, tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ṣì ń lò di òní. Kókó tí ìwádìí irú wọn ti fi yé gbogbo wa ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èpò ń pa irè. Ìgbà ọmọdé irè ni. Àgbàdo kò gbọ́dọ̀ bá èpò du oúnjẹ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni. Bí ewé wọn bá ti bo ilẹ̀, ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Owó tó bá kéré, àsìkò yẹn la máa ná an sí.

Ṣùgbọ́n ọdún ò dọ́gba. Báyìí la ṣe máa ń kà á:

1. Àkọ́rọ̀ tó ń tanni jẹ. Òjò méjì á rọ̀ ní ẹrẹ́nà, gbogbo èèyàn á sáré gbìn, òjò á sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo á kú. Èpò tó hù náà á kú, ṣùgbọ́n ó ṣì ní ìyókù nínú ilẹ̀, àwa ò ní. Bí òjò bá rọ̀ ní kùtùkùtù, ẹ jẹ́ kí èpò kọ́kọ́ hù ná. Ẹ pa á nígbà tó ṣì kéré, láìtú ilẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹ tó gbìn. Hóró tó ti hù tí a pa ti kúrò nínú gbèsè.

2. Ọdún tí òjò ò dáwọ́ dúró. Èyí ló ń tán àgbẹ̀ lówó jù. A ro oko lówùúrọ̀, òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, gódógbó tí a gé dùbúlẹ̀ á ta gbòǹgbò padà. Lọ́dún bẹ́ẹ̀, kíkó èpò kúrò nínú oko sàn ju fífi í sílẹ̀ sáàárín poro. Kó o sórí kùkùté tàbí etí oko níbi tí á ti gbẹ. Bí ọ̀dá ọjọ́ méjì bá yọjú, ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, ẹ roko.

3. Ọdún tí ọ̀dá àárín òjò gùn, èyí tí à ń pè ní Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì. Ọ̀pọ̀ máa ń sinmi nígbà náà. Kò yẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni èpò tí a bá tu máa ń kú pátápátá. Ẹni tó bá roko ní ọ̀dá oṣù kẹjọ, á fi owó díẹ̀ gbin irè arọ̀kúrò.

4. Ọdún tí arọ̀kúrò bá pẹ́. Inú wa á dùn pé ẹ̀gẹ́ ń tóbi. Ṣùgbọ́n èpò náà rí àyè so dáadáa. A ti kórè àgbàdo, a ò sì wo ẹ̀yìn mọ́. Ibẹ̀ ni ọdún èpò tó ń bọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ́ èpò ṣáájú kó tó so. Akíntọ́lá tó wà létí oko, ẹ gé e ní ọ̀wàrà, kó tó yọ òdòdó.

5. Ọdún tí ọyẹ́ bá gbẹ jù. Ẹ la ọ̀nà iná yí oko kòkó àti oko ọsàn ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ. Iná kì í pa èpò, ààyè ló ń ṣí sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ ẹ̀kan, ìgbà yìí la máa ń tú u síta fún oòrùn.

Níbi gbogbo, ẹ rántí òjìji. Ẹ̀gúsí láàárín iṣu, ẹ̀wà láàárín àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tí a gbìn súnmọ́ra dáadáa. Ewé tó bá bo ilẹ̀ jẹ́ lébìrà tí kò gba owó. Àwọn ìyá wa tó ń gbin ẹ̀gúsí sára ebè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

KẸ́MÍKÀ ÀTI ÒJÒ

Àwọn kan á ní, "Ṣebí oògùn èpò ti wà, kí ni gbogbo ìtàn yìí fún?" Ó wà. Ṣùgbọ́n oògùn náà ń gbọ́rọ̀ sí ojú ọjọ́ lẹ́nu. Glyphosate gbọ́dọ̀ gba ewé tútù wọlé dé gbòǹgbò. Bí ẹ bá fọ́n ọn sára èpò tí ọ̀dá ti mú ewé rẹ̀ ká, tí eruku ọyẹ́ sì bò ó, owó ló ṣòfò. Bí òjò bá tún rọ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹ fọ́n ọn, ó ti fọ̀ ọ́ lọ. Èyí tí à ń fọ́n sórí ilẹ̀ kí èpò tó hù, ó nílò ilẹ̀ tó rin kó tó lè ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ á fi í sílẹ̀ sójú oòrùn, ọ̀wàrà òjò á gbé e lọ sí odò.

Ẹ sì mọ̀ pé òfin ti yí padà. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 2024, ó sì fòfin de atrazine láti January 2025. Ẹni tó bá ṣì ń tà wọ́n fún yín ń ta wàhálà ni. Ẹ ka ara ike kí ẹ tó sanwó, ẹ bo imú àti ọwọ́, ẹ má sì fọ páǹpù sínú odò tí ará abúlé ń pọn mu.

ÌWÉ KÉKERÉ KAN

Àwọn tó ń ṣe oko Broadbalk kò ní ọgbọ́n tó ju tiwa lọ. Ohun tí wọ́n ní ni ìwé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún dé ọdún. Bàbá wa ń rántí ọdún tí iná jó, ọdún tí eṣú wá, ọdún tí Ògùnpa gbé ilé lọ ní 1980, ṣùgbọ́n ta ló rántí irú èpò tó tẹ̀lé e?

Nítorí náà, ẹ wá ìwé kékeré kan, tí kò ju ti ọmọ iléèwé lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí òjò dá ní àárín, àti ọjọ́ tó padà. Ẹ kọ èpò tó kọ́kọ́ hù àti èyí tó pọ̀ jù nígbà ìkórè. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ro oko, iye tí ẹ san, àti apá ibi tí ẹ kò rí ro. Ibi tí ẹ kò rí ro yẹn, ẹ fi àmì sí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kí ẹ fi ewé tó ń bo ilẹ̀ gbìn ín.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ máa rí i pé ìwé yẹn ń bá yín sọ̀rọ̀. Á sọ fún yín pé ọdún tí èpò fi oko yín ṣe ilé, kì í ṣe òjò ọdún yẹn nìkan ló dá a sílẹ̀. Ẹ ò lè pàṣẹ fún òjò. Ṣùgbọ́n hóró tí ẹ kò bá jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí, kò sí òjò tó lè jí i lọ́dún tó ń bọ̀.